Rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń wọ̀ bíi ṣòkòtò: ta ló ń rìn gan-an, ẹ̀rọ ni àbí èèyàn?

Fídíò kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp, ó ṣeé ṣe kó ti dé orí fóònù tiyín náà. Ọkùnrin kan jókòó sórí kẹ̀kẹ́ àwọn akanda ẹ̀dá. Wọ́n de irin mọ́ ọn lára láti ìbàdí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan lọ́rùn ọwọ́, irin náà gbé e dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn tó yí i ká ń pàtẹ́wọ́, obìnrin kan ń nu omijé nù. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Sítróòkù ti di ìtàn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni olùgbọ́ wa kan pè wá lórí ètò àárọ̀. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀, ìyẹn sítróòkù, kọ lu màmá òun lọ́dún tó kọjá, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló sì mú. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn rárá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí iye tí wọ́n ń ta rọ́bọ́ọ̀tì yẹn. Tó bá jẹ́ ká ta ilẹ̀ ni, a máa tà á."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n lè gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí fídíò ìṣẹ́jú méjì, ó yẹ kó mọ ohun tó fẹ́ rà. Mo wádìí iye owó, mo máa sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á lọ ni mo rí i pé owó kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ni pé, tí èèyàn bá wọ ẹ̀rọ yìí tó ń rìn, iṣẹ́ wo ni ẹ̀rọ ń ṣe, èwo ni ara ń ṣe, èwo sì ni ọpọlọ ń ṣe? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni fídíò kì í fi hàn wá.

Ẹ wo ọwọ́ ọkùnrin náà

Exoskeleton làwọn òyìnbó ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní rọ́bọ́ọ̀tì àwọ̀sára. Oríṣiríṣi ló wà. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni ReWalk, tí Amit Goffer, ẹnjiníà ọmọ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, ṣe. Lọ́dún 1997 ni jàǹbá ọkọ̀ sọ Goffer fúnra rẹ̀ di ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Oṣù kẹfà ọdún 2014 ni àjọ FDA, tó dà bíi NAFDAC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i pé èèyàn lè mú ReWalk lọ lò nílé. Ohun tó ṣeni láàánú níbẹ̀ ni pé Goffer alára kò lè lò ó. Ìdí ni pé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó gbọ́dọ̀ lágbára.

Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn. Ẹ má wo ẹsẹ̀, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ máa rí ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ̀rọ kéékèèké tó ń yí wà níbi oríkèé ìbàdí àti ti orúnkún, bátìrì ló sì ń fún wọn lágbára. Tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá tẹ àyà síwájú díẹ̀, ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́n lára, á sì sọ ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó tún tẹ̀, á sọ ìkejì. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ọkùnrin náà ń rán sí ẹsẹ̀ kò lè dé ibẹ̀, torí okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá ti bàjẹ́. Ẹsẹ̀ náà kò sì lè sọ fún ọpọlọ pé òun ti kanlẹ̀. Nítorí náà, àyà, èjìká àti ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ àṣekún, ojú ló ń wo ilẹ̀ ní ipò ẹsẹ̀.

Claire Lomas, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣubú lórí ẹṣin lọ́dún 2007, fi ReWalk rin gbogbo ọ̀nà eré ìje Marathon ti London lọ́dún 2012. Ó gbà á ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó parí kìlómítà 42 náà. Gbogbo ayé yìn ín, ó sì tọ́ sí i. Kò jókòó sínú ẹ̀rọ bí ẹni jókòó sínú ọkọ̀, òógùn ló fi rìn ín.

Ti Japan yàtọ̀. Yoshiyuki Sankai, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Tsukuba, ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní HAL. Nígbà tí èèyàn bá pinnu láti gbé ẹsẹ̀, ọpọlọ a rán iṣẹ́ sí iṣan, iná mànàmáná tó kéré jọjọ a sì fara hàn lórí awọ ara. HAL ní ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ tó ń gbọ́ iná yìí. Bó bá ti gbọ́ ọ, kódà tí iṣan náà kò lágbára tó láti dá gbé ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á bá a gbé e. Ẹ rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: ti àkọ́kọ́ ń gbé ẹsẹ̀ fúnni, ti ìkejì ń dúró de èèyàn kó kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ẹ̀ka kẹta kì í tiẹ̀ ṣe irin. Ní Yunifásítì Harvard, Conor Walsh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi aṣọ àti okùn ṣe tiwọn, ó jọ bẹ́líìtì ju bó ṣe jọ rọ́bọ́ọ̀tì lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n gbé e jáde bí wọ́n ṣe wọ irú rẹ̀ fún bàbá ẹni ọdún 73 kan tó ní àrùn Parkinson. Àrùn yìí máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ èèyàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì níbi tó ti ń rìn lọ. Okùn náà kàn ń bá a fa itan díẹ̀ ní àsìkò tó yẹ ni, ẹsẹ̀ bàbá kò sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ nígbà tó ń rìn nínú ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n dán an wò lára rẹ̀ o, ká má gbàgbé.

Ọpọlọ ń dúnàádúrà

Tí wọ́n bá so ẹ̀rọ mọ́ èèyàn lára, ọpọlọ kì í kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń ná an bí ẹni ná ọjà. Ẹni tó bá ti ru omi láti odò rí mọ bó ṣe ń rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ọrùn á le gbagidi, omi á máa dà sí èjìká, ọwọ́ méjèèjì á di korobá mú. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń ju ọwọ́ méjèèjì, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkùrọ̀sọ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìṣirò ẹ̀. Ara ló wá ọ̀nà tó máa gba agbára díẹ̀.

Lọ́dún 2015, Jessica Selinger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Simon Fraser ní Kánádà fi rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n de mọ́ orúnkún dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n to ẹ̀rọ náà kó máa fìyà jẹ ìṣísẹ̀ tó ti mọ́ èèyàn lára, ìyẹn ni pé bí èèyàn ṣe máa ń rìn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ń náni lágbára jù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn tó wọ̀ ọ́ ti yí ìṣísẹ̀ wọn padà sí èyí tó rọ ara lọ́rùn. Agbára tí wọ́n rí fi pa mọ́ kò tó ìdá 5 nínú 100, síbẹ̀ ara wọn wá a lọ. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ara wa ahun tó bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ fi kọ́bọ̀ kan tọrẹ.

Ahun ara yìí náà ló jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì àwọ̀sára le. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ìnira tó ń kó bá ẹni tó wọ̀ ọ́ ju ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ lọ, torí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wúwo. Lọ́dún 2015 kan náà ni Steve Collins àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí wọ́n ń de mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí kò ní bátìrì rárá, sípíríǹgì ni wọ́n fi sí i. Ó dín agbára tí ìrìn ń gbà kù ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Lọ́dún 2017, wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka bí èèyàn ṣe ń mí, kó sì máa tún ẹ̀rọ tò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rìn lọ. Ó fò sí nǹkan bí ìdá 24 nínú 100. Nígbà tí wọ́n wá wádìí ibi tí èrè náà ti ń wá, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2021 pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kò ti ara ẹ̀rọ wá rárá. Ẹni tó wọ ẹ̀rọ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ìyẹn ni pé ìdajì rọ́bọ́ọ̀tì náà wà nínú orí ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ìwádìí kan wà tí kò kan aláìsàn rárá, ṣùgbọ́n òun ló dùn mọ́ mi jù. Dani Clode ṣe àtàǹpàkò kan tó jẹ́ àtọwọ́dá, tí wọ́n ń de mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lọ́hùn-ún níbi tí ìka tó kéré jù wà, kó lè di pé ọwọ́ kan ní ìka mẹ́fà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí rẹ̀: téèyàn bá fi tẹlẹ̀ nínú bàtà, ìka náà á ká kò. Clode àti Tamar Makin ní UCL, ní London, kó 20 èèyàn jọ, wọ́n jẹ́ kí wọ́n lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, wákàtí méjì sí mẹ́fà lójúmọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lò dáadáa, kódà nígbà tí wọ́n bá di wọ́n lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn. Nínú ọpọlọ, ìka kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀, bí ìsọ̀ inú ọjà. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ààlà tó wà láàárín àwọn ìka ọwọ́ yẹn kò hàn kedere bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tún wò ó ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀, àyípadà náà ti ń lọ. Ọdún 2021 ni èsì yìí jáde.

Lọ́dún 2022, wọ́n gbé àtàǹpàkò náà lọ síbi àfihàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní London, èèyàn 596 ló dán an wò, láti orí ọmọ ọdún 3 dé àgbàlagbà ẹni ọdún 96. Ìdá 98 nínú 100 wọn ló fi mú nǹkan láàárín ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ wò ó, ọpọlọ wa ṣe tán láti gba àlejò. Ṣùgbọ́n ó máa ń tún ilé tò kó tó gbà á, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ bí àtúntò náà ṣe máa rí tí èèyàn bá wọ ẹ̀rọ lọ́dún gbọọrọ.

Níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ ọpọlọ ṣe

Ibí ni mo fẹ́ kí olùgbọ́ wa yẹn fara balẹ̀ kà. Tí ara bá jẹ́ ahun, tí kò fẹ́ náwó tí kò pọn dandan, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀rọ bá bá a san gbogbo owó náà?

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Lokomat, Switzerland ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n á gbé aláìsàn kọ́ sókè, wọ́n á de ẹsẹ̀ irin mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, irin náà á sì máa rìn ín lójú kan lórí bẹ́líìtì tó ń yí. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ máa ń gún régé. Ní Chicago, George Hornby àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wé ti àwọn físíò tó ń fi ọwọ́ lásán bá aláìsàn gbé ẹsẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006, àwọn tí ẹ̀rọ ń bá gbé ẹsẹ̀ kò lo agbára tó àwọn tí físíò ń bá gbé e. Lọ́dún 2008, wọ́n lo èèyàn 48 tí sítróòkù ti ṣe tipẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì lè rìn díẹ̀. Àwọn tó wà lọ́wọ́ físíò ni ìrìn wọn yá sí i jù.

Kí ló fà á? Físíò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń yọ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti rí i pé ẹsẹ̀ náà ń gbìyànjú, á dẹwọ́. Aláìsàn náà lè kọsẹ̀, orúnkún rẹ̀ lè yẹ̀, ọpọlọ á sì rí àṣìṣe tó máa fi kọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kì í jẹ́ kí àṣìṣe wáyé. Ó ń gbé e, ó ń gbé e, ọpọlọ sì rí i pé iṣẹ́ ń lọ láìsí òun, ó bá sùn lọ. Àwọn onímọ̀ náà mọ̀ ọ́n báyìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun kó máa ṣèrànlọ́wọ́ kìkì níbi tí agbára aláìsàn bá pin sí.

Ó kan ọwọ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ìwádìí RATULS wo èèyàn 770 tí sítróòkù mú lọ́wọ́, èsì rẹ̀ jáde nínú The Lancet lọ́dún 2019. Rọ́bọ́ọ̀tì yẹn kì í ṣe àwọ̀sára gidi, orí tábìlì ló ń wà tí wọ́n á de ọwọ́ aláìsàn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ọwọ́ àwọn tó lò ó kò ṣiṣẹ́ ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé ẹ̀rọ kò wúlò o. Àwọn tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí sítróòkù rí i pé tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ ìrìn pọ̀ mọ́ iṣẹ́ físíò, ó ṣeé ṣe kí aláìsàn tún lè dá rìn ju ẹni tí wọn kò lò ó fún lọ. Àwọn tí kò lè rìn rárá, tí sítróòkù wọn kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ló jàǹfààní jù. Fún irú wọn, físíò kan kò lè máa gbé ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ̀wọ̀n fún wákàtí kan gbáko kí ẹ̀yìn rẹ̀ má dá. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n ní "pa pọ̀ mọ́", wọn ò sọ pé ẹ̀rọ nìkan.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní São Paulo

Àpẹẹrẹ ibi tí ọpọlọ kò ti sùn wà ní Brazil. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2014, tí wọ́n ṣí ìdíje World Cup ní São Paulo, ọ̀dọ́kùnrin kan, Juliano Pinto, tí ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láti àyà sílẹ̀, wọ rọ́bọ́ọ̀tì, ó dé fìlà tó ń ka iná ọpọlọ, ó sì gbá bọ́ọ̀lù. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ wa kò tiẹ̀ rí i. Miguel Nicolelis ló ṣáájú iṣẹ́ náà, àwọn kan sì bú u pé owó ló fi ṣòfò.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò kariwo tó. Lọ́dún 2016, Nicolelis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn èèyàn mẹ́jọ jáde tí wọ́n ti wà lórí kẹ̀kẹ́ láti ọdún 3 sí 13. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi kọ́ wọn. Wọ́n máa ń ronú ìrìn, kọ̀ǹpútà á ka èrò náà lórí fìlà, ẹsẹ̀ irin á gbé. Wọ́n tún wọ ohun kan sí wọn lápá tó ń gbọ̀n nígbà tí ẹsẹ̀ irin bá kanlẹ̀, kí ọpọlọ lè rí èsì gbà láti ibòmíràn nígbà tí ti ẹsẹ̀ kò lè dé. Nígbà tí ọdún náà pé, gbogbo àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló tún ń mọ nǹkan lára dé àyè kan nísàlẹ̀ ibi tí ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́, wọ́n sì lè mira níbi àwọn iṣan kan. Mẹ́rin nínú wọn ni dókítà yí orúkọ àìsàn wọn padà, láti ẹni tí okùn iṣan rẹ̀ já pátápátá sí ẹni tó kù díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bọ́ irin náà sílẹ̀ tó rìn lọ sílé nínú wọn. Èèyàn mẹ́jọ kò sì pọ̀, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n fi wọ́n wé. Síbẹ̀, ohun tó ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀ ni pé okùn iṣan díẹ̀ ṣẹ́ kù tí kò já, tó ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún torí kò sẹ́ni tó pè é. Ọdún kan tí ọpọlọ fi ń pè é lójoojúmọ́ ló jí i. Ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n fi ohun tó ń ka iná ọpọlọ sábẹ́ agbárí ọkùnrin kan ní ọ̀tún àti òsì, ó sì fi èrò inú rẹ̀ darí rọ́bọ́ọ̀tì tó wúwo tó kílò 65. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fi okùn so rọ́bọ́ọ̀tì náà mọ́ àjà kó má bàa ṣubú. Ọdún 2019 nìyẹn.

Owó, wáyà àti àtẹ̀gùn

Ó wá ku owó. Japan ti fi HAL sínú ìnṣọ́ránsì ìlera wọn láti ọdún 2016 fún àwọn àrùn iṣan mélòó kan. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2024 ni Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà àti akanda ẹ̀dá, gbà láti máa san nǹkan bí $91,000 lórí ọ̀kan fún ẹni tó bá yẹ. Ní owó tiwa, ó ju ₦100 mílíọ̀nù lọ.

Rírà kọ́ ló tán o. Lọ́dún 2024 kan náà ni ìròyìn ọkùnrin kan gbòde lọ́hùn-ún, ẹni tó máa ń gun ẹṣin ìdíje kó tó di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ tó nǹkan bí $100,000. Wáyà kékeré kan yọ nínú ohun tó jọ aago ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ náà, ó padà sórí kẹ̀kẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é dá a lóhùn pé ẹ̀rọ náà ti ju ọdún márùn-ún lọ, àwọn kì í tún irú rẹ̀ ṣe mọ́. Ìgbà tí oníròyìn pariwo ni wọ́n tó tún un ṣe. Amẹ́ríkà nìyẹn o. Ẹ wá ronú ẹni tó ra irú rẹ̀ ní Ìkìrun tàbí Ṣakí, wáyà yọ, iná ti lọ láti àná.

Mo tún ronú òpópónà tó fẹ́ gbé e rìn. Òfin tó ní kí wọ́n má ṣe yà akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ lọ wo sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín, kẹ́ ẹ ka àtẹ̀gùn tó wà níwájú rẹ̀. Ibi tí kẹ̀kẹ́ lásán kò lè wọ̀, ta ló máa wọ rọ́bọ́ọ̀tì gùn ún?

Ní ti sítróòkù, a kò dúró lásán níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú ìwádìí SIREN ní Nàìjíríà àti Ghana, èsì tó jáde lọ́dún 2018 sì fi ẹ̀jẹ̀ ríru sí iwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Ìyẹn fún ẹni tí kò tíì mú. Fún ẹni tó ti mú, ìtọ́jú kan wà tí kò gba bátìrì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ìbọ̀wọ́ nínípọn bo ọwọ́ tó dá ṣáká, èyí tó kù díẹ̀ káàtó ni wọ́n ní kí aláìsàn máa fi ṣe gbogbo nǹkan, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èèyàn 222 ló wà nínú ìwádìí náà, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Ọwọ́ àwọn tó ṣe é ṣiṣẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì ṣì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ àti ìka rẹ̀ ṣì lè mira díẹ̀ nìkan ló wà fún, físíò ló sì gbọ́dọ̀ sọ bóyá ó yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ di ìyá yín lọ́wọ́ nílé.

Mo pe olùgbọ́ wa padà. Mo sọ iye owó náà fún un, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Mo ní ṣé ìka màmá ń mira? Ó ní ó ń mira díẹ̀, wọ́n lè di etí aṣọ mú. Mo ní kí ni wọ́n wá ń fi ọwọ́ náà ṣe? Ó ní wọn ò fi ṣe nǹkan kan. Ojú ń ti màmá láti fi ọwọ́ òsì jẹun níwájú èèyàn, nítorí náà àwọn ọmọ-ọmọ ló ń bọ́ wọn, wọ́n sì ń wọ aṣọ fún wọn. "Wọn ò jẹ́ kí màmá ṣe wàhálà kankan, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ń tọ́jú wọn gan-an ni."

Mo ní kó lọ bi físíò wọn léèrè bóyá ó yẹ kí àwọn ọmọ ṣì máa ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn. Mo sì sọ ọ̀rọ̀ Chicago yẹn fún un, bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé e tí ọpọlọ fi sùn lọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun máa kọ́kọ́ gba ṣíbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Ilẹ̀ ọ̀hún ńkọ́? Ó ní ó ṣì wà níbẹ̀.